Ṣé Ó Yẹ Kí Ohun Ìṣeré Ọmọdé Máa Kú?

Nígbà tí olóòtú ìwé yìí ní kí n kọ nǹkan nípa Òkè-Ògùn, mo mọ ohun tí ó ń retí lọ́wọ́ mi. Ó ń retí aṣọ òfì Ìsẹ́yìn, iṣu Ṣakí, àti àwọn àpáta tí ó yí wa ká. Kí ó má bínú sí mi. Ohun kan kú ní ilé wa ní Ṣakí ní ọjọ́ kejì ọdún Iléyá tí ó kọjá, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì tíì kúrò lọ́kàn mi. Ẹyin ni.

Kì í ṣe ẹyin adìẹ, kì í sì í ṣe ẹyin awó. Ohun ìṣeré ọmọdé ni. Ọmọ àbúrò mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ni ó mú un wá láti Ìbàdàn. Bàbá rẹ̀ tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ni ó fi í ránṣẹ́ sí i. Kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju ẹyin ẹyẹlé lọ. Ó ní ojú dígí kékeré kan, bọ́tìnì mẹ́ta wà lábẹ́ ojú náà, ẹ̀wọ̀n tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì wà lórí rẹ̀ bí ẹni pé kọ́kọ́rọ́ ni a fẹ́ fi há. Tamagotchi ni orúkọ rẹ̀. Tamago ni àwọn ará Jàpáànì ń pe ẹyin. Ìyókù orúkọ náà wá láti inú ọ̀rọ̀ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe aago ọwọ́.

Ohun àtijọ́ ni lójú àwọn tí ó mọ̀ ọ́n, ó kàn tún padà sí àṣà ni. Ọjọ́ 23 oṣù kọkànlá ọdún 1996 ni ilé iṣẹ́ Bandai kọ́kọ́ tà á ní Jàpáànì. Akihiro Yokoi àti obìnrin kan tí ń jẹ́ Aki Maita ni a ka ọgbọ́n rẹ̀ sí. Ní ọdún 1997 ó dé Amẹ́ríkà àti Yúróòpù, ìlú sì dàrú. Àwọn ọmọ ń gbé e lọ sí ilé ìwé, ẹyin ń ké nígbà tí olùkọ́ ń kọ́ ìṣirò, ọ̀pọ̀ ilé ìwé sì fi òfin dè é. Ní ọdún kan náà, àwọn kan ní Amẹ́ríkà tí wọ́n máa ń fi ẹ̀bùn ẹ̀fẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ig Nobel ta àwọn onímọ̀ lọ́rẹ, fún Yokoi àti Maita ní ẹ̀bùn ti ètò ọrọ̀ ajé, nítorí pé wọ́n gba àìmọye wákàtí iṣẹ́ lọ́wọ́ aráyé, wọ́n fi sin ẹran tí kò sí. Nígbà tí ó fi di ọdún 2023, èyí tí wọ́n ti tà ti ju mílíọ̀nù 90 lọ.

Bí ó ti ń ṣiṣẹ́ nìyí. Bí a bá tan ẹ̀rọ náà, ẹyin a yọ lójú dígí, a sì pa láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ọmọ jòjòló kan a jáde. Àwòrán ọkàn mẹ́rin ń sọ bí ebi ti ń pa á tó, mẹ́rin mìíràn ń sọ bí inú rẹ̀ ti dùn tó. Bí àwọn ọkàn náà bá ti ń ṣófo, a bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ẹni tí ó ni ín ni yóò fún un ní oúnjẹ, tí yóò bá a ṣeré, tí yóò kó ìgbẹ́ rẹ̀, tí yóò gún un ní abẹ́rẹ́ bí ó bá ń ṣàìsàn, tí yóò pa iná fún un bí oorun bá ń kùn ún. Bí ó bá ké láìnídìí, a ó bá a wí. Ọjọ́ kan wa ni ọdún kan rẹ̀. Bí a bá ti tọ́ ọ sí ni yóò rí nígbà tí ó bá dàgbà: èyí tí a tọ́jú dáadáa a di ọmọlúwàbí, èyí tí a kò bá wí a ya ìyàkuyà. Mo rí i pé ẹni tí ó ṣe é mọ ohun tí ọmọ títọ́ jẹ́. Bí a bá pa á tì, a kú. Bí a kò tilẹ̀ pa á tì, ó ń bọ̀ wá darúgbó, kí ó tó kú.

Ní ọjọ́ ọdún, ta ni ó rántí ẹyin? Ọmọ wa gbàgbé rẹ̀ sí abẹ́ ìrọ̀rí ní òwúrọ̀ Iléyá, ó bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kiri àdúgbò, ó jẹ ẹran yó, ó sùn. Ní ọjọ́ kejì, igbe rẹ̀ ni ó jí wa. Nígbà tí mo gba ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sí ọmọ nínú dígí mọ́. Ẹ̀dá kékeré kan tí ó ní ìyẹ́ apá ni ó kù, tí ó ń léfòó láàárín ìràwọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi àgbà, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Àlùhájì, ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní òun ti mọ̀ pé ohun tí ó bá ń ké láìní ẹ̀mí, ti ṣàìtánì ni, kí wọ́n gbà á lọ́wọ́ ọmọ kíá. Ìyàwó rẹ̀, olùkọ́ ni, gbè é lẹ́sẹ̀. Ó ní òun ti kà á pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn eré ẹ̀rọ àtijọ́ wọ̀nyí, ikú àti ìbànújẹ́ ni wọ́n fi pamọ́ sínú wọn, tí wọ́n fi àwòrán rèterète bò ó mọ́lẹ̀ kí ọmọdé má baà fura. Ìyá mi jókòó sí ẹ̀bá ògiri, wọ́n ń fọ ẹnu. Wọ́n bi í pé:

"Ta ni ó kú?"

A ṣàlàyé fún wọn.

"Ẹ ti sin ín?"

Ọmọ náà fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Ìyá Àgbà, kò sí òkú níbẹ̀. Bí mo bá tẹ bọ́tìnì méjì yìí pọ̀, ẹyin mìíràn á tún wá."

"Irú kan náà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Á sì tún kú?"

"Bí mi ò bá tọ́jú ẹ̀ dáadáa."

"Àbíkú ni nígbà náà," ni ìyá mi wí. "Ẹ fi àmì sí i lára kí ẹ lè dá a mọ̀ nígbà tí ó bá padà."

Gbogbo ilé bú sí ẹ̀rín, Àlùhájì pàápàá kò lè pa á mọ́ra. Ọmọ náà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Kò sì tẹ bọ́tìnì.

Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bá ẹ̀gbọ́n mi àti ìyàwó rẹ̀ jà nínú ọkàn mi, nítorí pé mo bọ̀wọ̀ fún wọn jù láti bá wọn jà lójú. Ẹ jẹ́ kí n jà á tán níbí.

Àwọn tí ó ní kí a mú ohun ìṣeré kúrò lọ́wọ́ ọmọ nítorí pé ikú wà nínú rẹ̀, ó jọ pé wọ́n ti gbàgbé eré tí àwọn náà ṣe dàgbà. Kí ni ẹkùn mẹ́ran? Àwọn ọmọ di ọwọ́ ara wọn mú, wọ́n ṣe agbo, ewúrẹ́ kan wà láàárín agbo, ẹkùn kan wà lóde tí ó ń wá ibi tí yóò gbà wọlé. Bí ọwọ́ bá já níbì kan, ẹran lọ nìyẹn. Ẹ̀rín ni a fi ń ṣe é ní òṣùpá, ṣùgbọ́n ìpakúpa ni ìtumọ̀ rẹ̀, ẹni tí ó sì kọ́kọ́ dá eré náà sílẹ̀ mọ̀ pé ẹkùn wà nínú igbó gan-an. Bojúbojú ńkọ́? Orúkọ Orò ni a fi ń dẹ́rù ba ẹni tí ń wá ibi sá pamọ́ sí. Ẹ lọ bi ọmọbìnrin tí a bí sí Ìsẹ́yìn, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ọdún Orò, tí obìnrin kì í jáde nígbà tí Orò bá wà lóde, bóyá ọ̀rọ̀ eré lásán ni. Àwọn baba wa kò ya ikú sọ́tọ̀ kúrò nínú eré. Wọ́n gbé e sí àárín agbo, wọ́n ní kí ọmọdé yí i ká, kí wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú dáadáa.

Nítorí náà n kò rí ẹ̀ṣẹ̀ nínú pé ẹyin kú. Ẹjọ́ mi wà níbòmíràn. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ní wọ́n fi ikú pamọ́ sínú eré. Òótọ́ ni ó sọ, ṣùgbọ́n ó gbé e sódì. Nínú ẹyin tí wọ́n kọ́kọ́ tà fún àwọn ọmọ Jàpáànì, kò sí ohun tí ó pamọ́. Bí ẹran náà bá kú, òkúta sàréè ni ó máa ń yọ lójú dígí, iwin rẹ̀ a sì dúró tì í. Ọmọ tí ó bá rí i mọ̀ pé ikú ni. Ìgbà tí wọ́n fẹ́ tà á fún àwọn tí ń sọ èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n wú sàréè náà, tí wọ́n fi ẹ̀dá oníyẹ̀ẹ́ dípò rẹ̀, tí wọ́n sì ń sọ fún àwọn ọmọ pé ẹran wọn ti padà sí ìlú rẹ̀ láàárín ìràwọ̀. Èyí ni a rí ní Ṣakí. Àwọn àgbà tí ó ń bẹ̀rù ikú ni wọ́n fi í pamọ́.

Ṣé ó pamọ́ fún àwọn ọmọ náà? Rárá o. Ní ọdún 1998, ní Cornwall ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ibi ìsìnkú ajá àti ológbò kan ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún àwọn ẹyin wọ̀nyí, wọ́n sì ń sin wọ́n síbẹ̀. Sàréè tí wọ́n wú kúrò nínú dígí, ọmọ aráyé padà lọ gbẹ́ ẹ sínú ilẹ̀. Bí mo ti kà á, mo rántí ìyá mi: "Ẹ ti sin ín?"

Ó yẹ kí n dúró níbí kí n máa fi òyìnbó ṣe yẹ̀yẹ́, inú ọ̀pọ̀ nínú yín ìbá sì dùn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi ìka kan tọ́ka sí ẹlòmíràn, ẹ mọ iye tí ó kọjú sí i. A ní ohun kan nílé tí ó jọ ìyẹ́ apá yẹn.

Kẹ́hìndé ni mí. Táíwò mi kú ní ọdún 1985, nígbà tí a jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọmọ Yorùbá mọ̀ pé a kì í sọ pé ìbejì kú. Wọ́n sọ fún mi pé Táíwò lọ sí Èkó. Bàbá mi sọ bẹ́ẹ̀, àwọn ará ilé sọ bẹ́ẹ̀, àwọn tí ó wá kí ìyá mi pé omi ni ó dànù, agbè kò fọ́, àwọn náà sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n rí mi lẹ́nu ọ̀nà. Mo gbà á gbọ́. Èkó ni gbogbo ohun tí ó dára ti ń wá nígbà náà, kí ni ìbá ṣe tí arákùnrin mi kò ní lọ síbẹ̀?

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ìyá mi gbé ère kan wá sílé, tí agbẹ́gilére fi igi ìrẹ̀ gbẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti rí ère ìbejì mọ̀ pé wọn kì í gbẹ́ ẹ bí ọmọ ọwọ́. Táíwò mi lọ ní ọmọ ọdún mẹ́fà, ṣùgbọ́n ọkùnrin tí ó gbó dáadáa ni ère rẹ̀, ó kọ ilà, ó dirun sókè, ìlẹ̀kẹ̀ wà ní ìdí rẹ̀. Ìyá mi ń wẹ̀ ẹ́, wọ́n ń fi osùn pa á lára, wọ́n ń fi aró kun irun rẹ̀. Bí wọ́n bá se ẹ̀wà, tiwa jẹ́ abọ́ kan, tirẹ̀ jẹ́ ìwọ̀nba díẹ̀ tí wọn ó fi kàn án lẹ́nu. Bí wọ́n bá ra aṣọ fún mi, gígé rẹ̀ kan ń bẹ fún un. N kò rí ohun tí ó ta kora nínú pé Táíwò wà ní Èkó, tí ó sì tún wà nínú igbá ní yàrá ìyá mi.

Kì í ṣe ilé wa nìkan. Ìbejì pọ̀ ní apá ọ̀dọ̀ wa. Ní Igbó-Ọrà ní Ìbàràpá, tí kò jìnnà sí Ìsẹ́yìn, ìwádìí tí oníṣègùn kan tí ń jẹ́ Nylander ṣe fi hàn pé ìbejì ń tó 45 nínú ọmọbíbí 1,000, èyí tí a kò rí irú rẹ̀ ní ibi púpọ̀ láyé. Níbi tí ìbejì bá pọ̀ sí, tí àìsàn ọmọdé sì pọ̀, ẹ fọkàn ṣírò iye ìyá tí yóò ní igbá bẹ́ẹ̀ ní yàrá. Ní ọdún 1830, nígbà tí Richard Lander àti àbúrò rẹ̀ John rin láti Àgbádárìgì dé Ọ̀yọ́ Ilé, tí wọ́n gba Ìgbòho kọjá, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé wọn pé àwọn rí àwọn obìnrin lójú ọ̀nà tí wọ́n gbé ère ọmọ kéékèèké dání, pé ìyá tí ọmọ kú fún ni wọ́n, àti pé kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó gbà láti ta tirẹ̀. Mo gba ẹ̀rí òyìnbó méjì wọ̀nyí gbọ́, nítorí pé nígbà tí mo wà ní ilé ìwé gíga, oníṣòwò ère kan wá sí ilé wa láti ìlú mìíràn, ó ka owó síwájú ìyá mi, owó tí ó tó san owó ìwé mi ọdún kan. Wọ́n fún un ní omi mu, wọ́n sì sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Àwọn tí ó tà, a ò lè bú wọn, ebi kì í jẹ́ kí a gbọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Tiwọn ni ó wà nínú dígí ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù. Ojú ọ̀pọ̀ nínú wọn ti dán, imú àti ẹnu ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́. Fífọ̀ àti bíbọ́ ni ó jẹ ẹ́ lójú bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 1990, àbúrò bàbá mi mú mi lọ sí Èkó fún ìgbà àkọ́kọ́. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí. Ní Ọ̀ṣòdì, nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú gbogbo ọmọkùnrin tí ó tó mi. Mo mọ ojú tí mò ń wá, mo máa ń rí i nínú dígí ní àràárọ̀. Ọ̀sẹ̀ kan ni a lò, n kò sì sọ ohun tí mò ń wá fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí mo padà dé Ṣakí, mo sọ fún ìyá mi pé n kò rí Táíwò.

Wọn kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wọ yàrá, wọ́n gbé igbá jáde, wọ́n bu omi sínú abọ́. Wọ́n ní, "Wẹ̀ ẹ́." Mo wẹ̀ ẹ́. Bí mo ti ń fi kànìnkànìn fọ ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n ń sọ fún mi: ibà tí ó mú un fún ọjọ́ mẹ́ta, òjò tí kò jẹ́ kí ọkọ̀ kọjá ní alẹ́ ọjọ́ kẹta, bí èmi ti sùn tì í tí n kò mọ̀, àti ibi tí wọ́n sin ín sí ní ẹ̀yìn ilé, tí mo ti ń gbá bọ́ọ̀lù lórí rẹ̀ láti ọdún márùn-ún. Nígbà tí mo wẹ̀ ẹ́ tán, mo ti mọ̀ pé arákùnrin mi kú.

Ibẹ̀ ni mo fi ya ohun méjèèjì sọ́tọ̀. Àwa náà fi ọ̀rọ̀ bo ikú, gẹ́gẹ́ bí àwọn tí ń ta ẹyin ti fi ìyẹ́ bò ó, n kò sì gbà pé kò pa mí lára. Ọmọ ọdún mọ́kànlá kò yẹ ní ẹni tí ń wá òkú ní Ọ̀ṣòdì. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ nìkan ni a bò. A kò gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ẹni tí ó ń ṣọ̀fọ̀. Ẹ̀wà wà láti sè, osùn wà láti lọ̀, omi wà láti pọn, ọjọ́ tí ọmọ náà bá sì bèèrè òótọ́, ohun tí a ó fi sí i lọ́wọ́ wà nílẹ̀ kí ó tó gbọ́ ọ. Ẹyin Bandai kò fi iṣẹ́ kankan sílẹ̀ lẹ́yìn ikú. Gbogbo làálàá rẹ̀, ìgbà tí ó wà láàyè ni. Nígbà tí ó bá kú, ẹ tẹ bọ́tìnì ti ọ̀tún àti ti òsì pọ̀, ó parí, ẹyin mìíràn dé. Ìyá mi pè é ní àbíkú, ṣùgbọ́n àbíkú pàápàá sàn jù ú lọ. Ìyá àbíkú kì í gbàgbé èyí tí ó lọ. Orúkọ tí yóò sọ èyí tí ó dé ni yóò fi rántí rẹ̀, Málọmọ́, Dúrójayé, Kòsọ́kọ́.

Sherry Turkle, onímọ̀ kan ní yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà, ti bá ọ̀pọ̀ ọmọdé sọ̀rọ̀ nípa irú ẹ̀rọ wọ̀nyí. Ohun tí ó rí ni pé nǹkan tí ó bá ní kí a tọ́jú òun, a kì í pẹ́ nífẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ère kì í ké. Kò sí ọjọ́ kan tí Táíwò ké láti inú igbá pé ebi ń pa òun. Ìyá mi ni ó ń rántí. Ọmọ tí ó dàgbà sídìí ohun tí ń ké kí a tó rántí rẹ̀, kí ni yóò ṣe fún ìyá rẹ̀ tí kì í ké, tí ó dá jókòó sí Ṣakí tí kò pè é lórí fóònù? Mo bi ara mi ní ìbéèrè yìí, kì í ṣe ẹ̀yin nìkan. (Àwọn ọmọ tí ó gbọ́n tilẹ̀ mọ ọ̀nà kan: bí wọ́n bá ṣí ibi tí a ti ń tún aago ẹyin àtijọ́ náà ṣe, tí wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹran náà kò ní jẹun, kò ní dàgbà, kò ní kú títí wọn ó fi padà. Ta ni kò ní fẹ́ irú aago bẹ́ẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ kẹta ibà?)

Mo mọ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́ kan yóò sọ pé ìbọ ni mò ń fi wé ọjà. Yóò ní ìbẹ̀rù ni ó mú kí àwọn ìyá bọ́ ère, pé wọ́n ń bẹ̀rù kí èyí tí ó lọ má baà pe èyí tí ó kù. Ìbẹ̀rù wà níbẹ̀, n kò ní purọ́. Èmi ni èyí tí ó kù. Nítorí tèmi ni a ṣe ń bọ́ ọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ìbọ nìkan ni, kí ni ó dé tí ó fi yí padà tí kò parí? Ní ọdún 1973, Marilyn Houlberg, ará Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa àwọn ìyá ìbejì tí ó ti fi bèbí oníke tí a rà lọ́jà rọ́pò ère igi. Nígbà tí ó ṣe díẹ̀, Stephen Sprague rí i ní Ìlá Ọ̀ràngún pé àwọn ayàwòrán ń ya ìbejì tí ó kù, wọ́n sì ń tẹ àwòrán rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì sórí ìwé kan, kí ó lè dúró fún ara rẹ̀ àti fún ìkejì rẹ̀. Ike ni bèbí, ike sì ni ẹyin. Kì í ṣe ike ni mo ní ìjà pẹ̀lú.

Nítorí náà bí ẹnikẹ́ni bá bi mí, n ó ní kí a fi ẹyin náà sílẹ̀ fún ọmọ. Kí àwọn tí ń tà á dá òkúta sàréè padà síbi tí wọ́n ti wú u. Kí òbí tí ó ní agbára láti rà á ní agbára láti jókòó ti ọmọ ní ọjọ́ tí ó bá kú, kí ó má ṣe sọ fún un pé, "Dákẹ́, tẹ òmíràn." Àwa tí a sì ń kọ́ èdè àti àṣà ní yunifásítì, tí a ti kọ àpilẹ̀kọ lórí ọfọ̀, lórí ìjálá, lórí ẹkún ìyàwó, ó yẹ kí a jókòó ti eré ọmọdé wa, kí a yéé kà á sí ohun tí a fi ń dá àwọn ọmọ lára yá nìkan. Àwọn tí ó mọ eré òṣùpá ní Òkè-Ògùn ń darúgbó. Fóònù wà lọ́wọ́ gbogbo yín tí ó lè gba ohùn wọn sílẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, lẹ́yìn ìrun Alásáárì, ìyá mi pe ọmọ náà wọ yàrá. Láti ìgbà tí wọ́n ti ti Mẹ́kà dé, n kò rí i kí wọ́n gbé oúnjẹ kan ère náà lẹ́nu mọ́, ṣùgbọ́n wọn kò sọ ọ́ nù, n kò sì bi wọ́n ní ìdí. Wọ́n ṣí àpótí. Wọ́n tú gígé òfì kan tí ó ti gbó. Ọmọ náà wo ère títí, ó fi ìka kan ojú rẹ̀ tí ó ti dán.

"Ìyá Àgbà, ta nìyí?"

"Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ ni. Ìkejì bàbá rẹ tí ó dúró sẹ́nu ọ̀nà yẹn."

"Níbo ni ó wà?"

Mo retí kí wọ́n sọ pé Èkó. Wọ́n ní, "Ó kú. Ó wà lẹ́yìn ilé. Bu omi wá."

Àlùhájì gba ẹnu ọ̀nà kọjá, ó rí wa, ó sì ń ka tẹ̀sùbáà rẹ̀ lọ bí ẹni tí kò rí nǹkan.

Ní ọjọ́ kẹta, mo gbé ọmọ náà àti ìyá rẹ̀ padà sí Ìbàdàn. Nígbà tí a dé Ìsẹ́yìn, a dúró ra wàrà lọ́wọ́ àwọn obìnrin Fúlàní. Mo rí ẹyin náà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀dá oníyẹ̀ẹ́ náà ṣì wà nínú dígí. Mo bi í bóyá bọ́tìnì náà ti bàjẹ́ ni. Ó ní rárá, kò bàjẹ́, òun kò tíì ṣe tán ni.